Mẹ́dà tí Ìyá Àgbà Fi Eérú Fọ̀

Kí fèrè iléeṣẹ́ àkọ́kọ́ tó dún láti apá Ìkẹjà láàárọ̀, ìró kan wà tó máa ń ṣáájú rẹ̀ jí wa ní ọgbà wa ní Agége, bí ọdún Iléyá bá ti ń sún mọ́lé. Ìró nǹkan fífọ̀ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti aṣọ, kì í sì í ṣe ti ìkòkò. Ó rọra ń lọ, ó rọra ń bọ̀, bí ìgbà tí eku bá ń jẹ páálí lábẹ́ ibùsùn. Ìyá Àgbà ni, ìyá tó bí bàbá mi. Wọ́n á jókòó sórí àpótí lẹ́yìn ilé ìdáná, wọ́n á bu eérú àná sínú àwo, wọ́n á fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e lórí, wọ́n á sì fi àkísà rírọ̀ kan máa ra ohun kékeré kan tó wà ní àtẹ́lẹwọ́ wọn. Ohun náà rí roboto, ó fẹ̀ ju ṣílè lọ, fàdákà ni. Orí ọba òyìnbó kan wà níwájú rẹ̀, ó kọjú sí ẹ̀gbẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ kí ènìyàn tọrọ nǹkan lọ́wọ́ òun. Aṣọ aláwọ̀ mèremère tí wọ́n fi ń gbé e kọ́ ti gbó dànù kí wọ́n tó bí bàbá mi, Ìyá Àgbà sì ti fi òwú dúdú rọ́pò rẹ̀. Mẹ́dà ni àwọn ayálégbé ń pè é. Ìyá Àgbà kì í pè é bẹ́ẹ̀. "Owó tí a kì í ná" ni wọ́n ń pè é, bí wọ́n bá sì ti fọ̀ ọ́ tán, wọ́n á gbé e sókè sí oòrùn, wọ́n á ní, "Ẹ wò ó, ojú bàbá mi nìyẹn." Èmi a máa wò ó tìyanu-tìyanu. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé orí tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti bàbá Ìyá Àgbà. Mo rò pé gbogbo ẹni tó bá ti gun ẹṣin lọ sógun ló máa ń di òyìnbó tó bá dé ibẹ̀.

Ọgbà wa gùn, yàrá kọjú sí yàrá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo la ń gbà kọjá. Òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ayálégbé, òórùn ni àwa ọmọdé sì fi ń mọ ibi tí olúkúlùkù ti ń bọ̀. Àwọn tó ń ṣe bisikíìtì máa ń dé pẹ̀lú òórùn ṣúgà nínú irun wọn, a ó sì máa tẹ̀ lé wọn bí adìyẹ ṣe ń tẹ̀ lé ẹni tó gbé àgbàdo. Àwọn oníṣẹ́ ọṣẹ máa ń dé pẹ̀lú ojú pípọ́n. Òróró ẹ̀rọ ni bàbá mi máa ń rùn. Iṣẹ́ wọn ni láti máa gbẹ́ irin tí wọ́n fi ń tẹ páànù di abọ́, èékánná wọn kì í sì í mọ́, bí wọ́n tilẹ̀ fi kànkàn fọ̀ ọ́. Ọdún tí mò ń wí yìí, mo ti tó ẹni tó lè dá omi pọn, mi ò sì tíì tó ẹni tí wọ́n lè fi sídìí ẹja tó wà lórí iná. Iṣẹ́ mi ni láti gbá ojúde, láti fọ abọ́ ẹ̀kọ àárọ̀, àti láti máa tẹ̀ lé Ìyá Àgbà lọ sí ibi gbogbo, nítorí wọn kì í fẹ́ fi ọ̀pá rìn. "Igi ò lè dá mi lóhùn," ni wọ́n máa ń wí, wọ́n á sì di èjìká mi mú. Èjìká yẹn ni mo fi gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbà, iṣẹ́ oníròyìn tí mo fi gbogbo ayé mi ṣe kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ: kí ènìyàn dúró sí ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń jáde, kó má sì dá a dúró.

Ìtàn mẹ́dà náà, bí Ìyá Àgbà ṣe máa ń sọ ọ́ nìyí. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí wọ́n tó bí wọn, ọmọ ìyá méjì wà nílé bàbá wọn. Èyí ẹ̀gbọ́n ń jẹ́ Làmídì, èyí àbúrò ń jẹ́ Jìnádù. Jìnádù ni bàbá tó bí Ìyá Àgbà. Olúkúlùkù wọn ní ẹṣin tirẹ̀. Nígbà tí àwọn òyìnbó ń kó ogun lọ sí Òkè Ọya, wọ́n wá ẹlẹ́ṣin tí yóò bá wọn lọ. Kì í ṣe ojúlówó ṣọ́jà ni wọ́n ń wá. Wọn ò fún wọn ní bàtà, wọn ò kọ́ wọn ní yíyan. Gbé ẹṣin rẹ wá, gbé ọ̀kọ̀ rẹ wá, máa lọ níwájú wa kí o máa wo inú igbó, ìwọ ni yóò kọ́kọ́ rí ọ̀tá, ìwọ náà ni ọ̀tá yóò kọ́kọ́ rí. Àwọn ọmọ ìyá méjèèjì lọ. Ẹ̀gbọ́n kú síbẹ̀. Àbúrò padà wálé, mẹ́dà sì wà nílé rẹ̀. "Bàbá mi ló gbà á," ni Ìyá Àgbà máa fi parí rẹ̀. Mo ti dàgbà kí n tó béèrè lọ́wọ́ ara mi pé ta ni wọ́n lọ bá jà lóhùn-ún. Ènìyàn bíi tiwọn ni, ẹlẹ́ṣin bíi tiwọn, tí wọ́n ń kírun bíi tiwọn. Ọba tí orí rẹ̀ wà lára fàdákà yẹn kò gbọ́ orúkọ Ògbómọ̀ṣọ́ rí kó tó kú. Ṣùgbọ́n ní ìgbà èwe mi, mi ò ro èyí. Ohun tí mo máa ń rò ni ẹṣin méjì lórí yanrìn, tí wọ́n ń lọ níwájú gbogbo ayé, kò sì sí ohun tó bà mí lẹ́rù tó sì dùn mọ́ mi tó ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Iléyá. Làmídì tó kú fi oyún sílẹ̀ nígbà tó ń lọ, oyún náà sì di obìnrin tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Oko Ọba, nítorí ibi ìpẹran Oko Ọba ni wọ́n ti ń ta pọ̀nmọ́. Àwọn ló dàgbà jù lọ nínú ẹbí wa l'Ékòó, Ìyá Àgbà ló tẹ̀ lé wọn. Nínú ilé wa, ẹni tó bá dàgbà jù ló ni apá àgbò. Nítorí náà, lọ́dọọdún ni Ìyá Àgbà máa ń fi apá àgbò ránṣẹ́ sí Oko Ọba, lọ́dọọdún ni Ìyá Oko Ọba sì máa ń dá a padà bó ṣe wà, tí wọ́n á fi pọ̀nmọ́ sísè lé e lórí. Ìyá Àgbà kì í fọwọ́ kan pọ̀nmọ́ náà. Àwa ọmọdé la máa ń jẹ ẹ́, a sì máa ń gbàdúrà kí ìjà náà má tán. Ṣùgbọ́n ní ọdún yẹn, Ìyá Oko Ọba kò rán ẹnikẹ́ni. Àwọn fúnra wọn ló gbé ẹran náà wá lórí, wọ́n sì bá Ìyá Àgbà láàárín ọgbà, nínú léèsì funfun, tí mẹ́dà ń dán láyà wọn. Ọjọ́ Iléyá nìkan ni wọ́n máa ń fi í sára.

Ìyá Àgbà kúnlẹ̀ kíá. Bí àwọn méjèèjì ṣe máa ń jà nìyẹn: àbúrò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n, kó tó wá sọ ohun tó fẹ́ sọ.

"Ẹ kú ọdún o, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ó ṣe ọ̀pọ̀ ọdún láyé."

"Àmín. Dìde, Àbẹ̀kẹ́. Mo gbé ẹran yín wá."

"Ẹran wa kẹ̀? Ọdọọdún ni mò ń fi í ránṣẹ́, ọdọọdún lẹ ń dá a padà. Kí ni àgbò fi ṣe yín gan-an?"

Àwọn ayálégbé rẹ́rìn-ín. Ìyá Oko Ọba kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n sọ abọ́ kalẹ̀, wọ́n na ìka sí àyà Ìyá Àgbà.

"Àgbò ò ṣẹ̀ mí. Èyí tó wà láyà rẹ yẹn ni mo ń wí. Bàbá mi ló ni ín. Bàbá mi kú lójú ogun. Bàbá tìẹ sá. Ẹni tó sá kì í gba mẹ́dà, Àbẹ̀kẹ́. Mẹ́dà òkú lo fi ń ṣe fáàrí láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá."

Ẹni tó ń fẹ́ná dáwọ́ dúró. Ìyá Àgbà ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, wọn ò tíì dìde. "Ẹ tún un sọ, ẹ̀gbọ́n mi," ni wọ́n wí, ohùn wọn rọlẹ̀. "Ẹ sọ ọ́ kó ga díẹ̀, kí àwọn ọmọ-ọmọ mi lè gbọ́ ọ."

"Ó sá. Ogun ò tíì parí tí wọ́n fi rí i ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí kò fara pa níbì kankan. Ìyá mi sọ fún mi kó tó kú. Ṣé ìyá mi á parọ́?"

Wọ́n kó ẹran inú abọ́ sórí àpótí, wọ́n gbé abọ́ òfìfo wọn, wọ́n lọ. Ìyá Àgbà yọ mẹ́dà láyà, wọ́n so ó sí etí ìró wọn, wọn ò sì fẹnu kan ẹran ọdún náà. Ìrẹsì tí ìyá mi bù fún wọn tutù, ó gan. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n pe bàbá mi. Mo jókòó tì wọ́n, mò ń ṣa ẹ̀wà. "Rájí," ni wọ́n wí, "wá ìdí ọ̀rọ̀ yìí fún mi. Gbogbo ohun tí bàbá mi fi sílẹ̀ láyé ni orúkọ. Kò nílé, kò ní oko kòkó. Bí mo bá kú láìmọ̀ bóyá ó sá tàbí kò sá, ojú wo ni mo fẹ́ fi wò ó lọ́run? Ojú wo lẹ̀yin náà fẹ́ fi wo àwọn ọmọ yín?" Bàbá mi ní ọ̀rọ̀ àná ni, Ògbómọ̀ṣọ́ jìnnà, àwọn tó mọ̀ ọ́n ti kú tán. Ìyá Àgbà ní, "Mẹ́dà ò kú. Bi í."

Bẹ́ẹ̀ ni ìwádìí náà ṣe bẹ̀rẹ̀, ìyẹn àkọ́kọ́ tí mo fojú rí. Ẹni tí bàbá mi kọ́kọ́ lọ bá ni Bàbá Sájẹ́ǹtì, aládùúgbò wa, ọmọ Ìlọrin tó ti jagun dé Bọ́mà, tó wá ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà iléeṣẹ́ ọṣẹ kan. Èmi àti Ìyá Àgbà tẹ̀ lé bàbá mi lọ. Bàbá Sájẹ́ǹtì ní mẹ́dà tiwọn náà, wọ́n fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn pẹ̀lú fìlà òjò. Wọ́n gba ti Ìyá Àgbà, wọ́n jù ú sókè, wọ́n hán an, wọ́n ní fàdákà ni lóòótọ́. "Ẹ̀yin ara ibí yìí," ni wọ́n wí, "ẹ kàn ń pariwo. Òyìnbó kì í fún ṣọ́jà ní nǹkan kó má kọ orúkọ sí i. Ẹ má wo ojú rẹ̀, ẹ wo etí rẹ̀. Orúkọ ẹni tó ni ín wà níbẹ̀ yí ká."

Bàbá mi gbé e sí oòrùn, wọ́n yí i, wọ́n tún un yí. Mo na ọrùn. Etí mẹ́dà náà dán bí ẹyin. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, kò sí lẹ́tà, kò tilẹ̀ sí ibi tó ha.

"Ta ló ń fọ̀ ọ́?" Bàbá Sájẹ́ǹtì béèrè.

Gbogbo wa la mọ̀. Ìyá Àgbà wo àtẹ́lẹwọ́ wọn méjèèjì, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń wá ẹ̀gún tó ti wọlé. "Èmi ni," ni wọ́n wí nígbẹ̀yìn. "Láti ìgbà tí mo ti wà ní wúńdíá ni mo ti ń fi eérú fọ̀ ọ́. Ṣé mo ti fọ orúkọ bàbá mi nù ni?"

Lónìí, bí mo bá jókòó pẹ̀lú fóònù mi, mo lè rí àwòrán irú mẹ́dà bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, láti ilẹ̀ òkèèrè. Àwọn tó ń kó wọn jọ máa ń kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọ̀ wọ́n. Àwọn tó dúdú, tí wọ́n jù sí ìsàlẹ̀ àpótí tí ẹnikẹ́ni ò rántí, àwọn ni orúkọ wọn ṣì hàn kedere. Àwọn tí wọ́n fẹ́ràn ju bó ti yẹ ni orúkọ wọn pa rẹ́. Mo ti kọ ìròyìn nípa ọ̀pọ̀ nǹkan, ṣùgbọ́n ìyẹn ṣì máa ń mú kí n gbé fóònù sílẹ̀, kí n wojú òkè.

Bàbá mi kò gbà pé ó tán. Iṣẹ́ irin ni iṣẹ́ wọn. Wọ́n ní òyìnbó tó kọ orúkọ yẹn kò fi gègé kọ ọ́, irin ló fi lu irin, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní òòlù tirẹ̀. "Tí wọ́n bá lu irin," ni wọ́n ṣàlàyé fún Ìyá Àgbà, "kì í ṣe ojú rẹ̀ nìkan ló máa ń dùn ún. Inú rẹ̀ náà máa ń mọ̀ ọ́n lára. Ẹ lè fọ ojú, ẹ ò lè fọ inú." Wọ́n bu omi kan tó máa ń jẹ ojú irin, tí wọ́n ń lò níbi iṣẹ́ wọn, sínú ìgò kékeré, wọ́n dì í mọ́ra wálé. Omi náà ń ta imú. Ní Sọ́ńdè, nígbà tí fèrè kankan ò dún, wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú Bàbá Sájẹ́ǹtì, wọ́n lé àwọn ọmọdé sẹ́yìn, àmọ́ wọn ò lé mi, nítorí èjìká mi ni Ìyá Àgbà dì mú. Wọ́n fi òwú bọ inú omi náà, wọ́n rọra ń fi í pa etí mẹ́dà. Wọ́n pa á, wọ́n nù ún, wọ́n tún pa á. Ìyá Àgbà ń ka àdúrà lábẹ́ ẹnu. Lẹ́yìn náà ni nǹkan kan ṣe bí òjìji lára fàdákà yẹn, bí ìgbà tí ènìyàn bá mí sí dígí. Ìlà kan dúró. Ìlà mìíràn tẹ̀. Lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti inú irin, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, láìsí ẹni tó ń kọ wọ́n. Títí di òní, mi ò tíì rí ohun tó jọ ọ́, bẹ́ẹ̀ mo ti wà níbi tí wọ́n ti ń wú òkú, mo ti wà níbi tí wọ́n ti ń dìbò.

"Kà á, Sìlífá," bàbá mi wí fún mi. "Ojú tìrẹ mọ́ ju tèmi lọ."

Mo kà á sókè. Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ohun tó ṣáájú rẹ̀, níbi tí orúkọ ènìyàn yẹ kó wà, kò jáde rárá. Ibẹ̀ ni àtàǹpàkò Ìyá Àgbà máa ń tẹ̀ bí wọ́n bá ń fọ̀ ọ́. Bàbá mi pa á títí omi inú ìgò fi tán. Ògbómọ̀ṣọ́ nìkan ló dúró níbẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ rí gbọọrọ-gbọọrọ bí ọmọ ogun tó tò.

Bàbá Sájẹ́ǹtì bú sẹ́rìn-ín, wọ́n lu itan wọn. "Mo ti gbàgbé èyí! Òyìnbó á bi ẹ́ pé kí ni orúkọ rẹ, o ní Sálíù. Sálíù ta ni? Ó ti sú u. Á ní níbo lo ti wá. O ní Ìlọrin. Ó parí, ó ti di Sálíù Ìlọrin. Gbogbo wa tó wá láti Ìlọrin, ọmọ bàbá kan náà ni wá nínú ìwé wọn. Bí wọ́n bá pe 'Ìlọrin!', gbogbo wa á jọ dáhùn, àní ẹni tó wà ní ṣáláńgá á dáhùn."

"Làmídì Ògbómọ̀ṣọ́," bàbá mi wí. "Jìnádù Ògbómọ̀ṣọ́."

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ìlú yín ni wọ́n fún ní mẹ́dà."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, Ìyá Àgbà pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè pé, "Sájẹ́ǹtì, má tàn mí. Ẹni tó bá kúrò lójú ogun láìgbàṣẹ, ṣé wọ́n lè fún un ní èyí?" Bàbá Sájẹ́ǹtì tọ́jú ẹ̀rín wọn. Wọ́n họ orí. "Ìyá, ẹ ti bi mí, mi ò ní parọ́ fún yín. Ìbọn ni wọ́n máa ń fún onítọ̀hún." Omi ń kán láti ẹ̀rọ omi sínú korobá. Ìyá Àgbà gba mẹ́dà wọn, wọ́n so ó mọ́ etí ìró, wọ́n dìde. "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà," ni wọ́n wí. "Láti kékeré, ẹjọ́ bàbá mi nìkan ni mo gbọ́, tẹnu ara mi ni mo sì gbọ́ ọ. Sìlífá, mú bàtà mi wá. A ń lọ sí Oko Ọba."

Bí ẹ bá ti dé Oko Ọba rí, ẹ ó mọ̀ pé ènìyàn ò lè dákẹ́ níbẹ̀. Màlúù ń ké, àwọn alápatà ń fi Yorùbá bú ara wọn tí wọ́n ń fi Hausa bẹ ara wọn, èéfín awọ tó ń jóná sì bo gbogbo ojú ọ̀run. Ìyá Oko Ọba wà lábẹ́ àtíbàbà wọn, wọ́n ń fi ọ̀bẹ họ awọ. Ìyá Àgbà kúnlẹ̀ sínú omi ẹran pẹ̀lú aṣọ dáadáa lára wọn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò wá jà."

"Ó dára. Ti ọdún yìí ti parí, tàmọ́dún ló kù."

"Ẹ sọ ohun tí ìyá yín sọ fún yín, gbogbo rẹ̀. Kí èmi náà sọ ohun tí ìyá mi sọ fún mi. Ẹ jẹ́ ká kó méjèèjì síbì kan náà wò."

Ìyá Oko Ọba wò wọ́n fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wò mí. Wọ́n fi ẹsẹ̀ ti àpótí kan sí ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà, wọ́n gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Ìyá mi lóyún mi," ni wọ́n wí. "Lọ́jọ́ kan, nígbà tí gbogbo ènìyàn wà lóko, ìyá ọkọ rẹ̀ pè é wọ yàrá. Ó bá bàbá mi lórí ẹní, wọ́n ti wé e. Wọ́n ní ọkọ rẹ dé, má sunkún síta. Yàrá yẹn náà ni wọ́n gbẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni tó bá béèrè, kó sọ pé Òkè Ọya ló kú sí. Ìyá mi béèrè títí pé ta ló gbé e wá. Wọ́n ní Ọlọ́run ni. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ni bàbá rẹ wá yọ lójijì, ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, kò sí ọgbẹ́ lára rẹ̀. Kí lo fẹ́ kí ìyá mi rò? Nígbà tó yá ni oníṣẹ́ àwọn òyìnbó mú irin yẹn wá fún un, ó ní ti ọkọ rẹ̀ tó ṣubú lójú ogun ni. Ìyá mi sọ ọ́ síta. Ó ní ṣé irin lòun fẹ́ fi ṣe ọkọ? Bàbá rẹ ló he é nílẹ̀."

Ẹnu Ìyá Àgbà là sílẹ̀. "Ilé ni wọ́n sin wọ́n sí? Ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́?"

"Mo ń wí fún ọ. Mo máa ń gbá ojú oórì rẹ̀ bí mo bá lọ ilé. Ó yá, sọ tìrẹ."

"Tèmi kò tó nǹkan." Ìyá Àgbà ń fi ìka yí kókó etí ìró wọn. "Ìyá mi ní lọ́jọ́ tí bàbá mi yọ́ dé, kí ará ilé tó rí wọn, òun ló fọ aṣọ wọn. Omi náà pọ́n títí. Ó wá gbogbo ara wọn, kò rí ọgbẹ́ kankan. Ẹ̀yìn aṣọ nìkan ló kún fún ẹ̀jẹ̀, láti ọrùn dé ìdí. Ṣùgbọ́n ní iwájú, ibì kan bó lára wọn, lókè ọmú, ó gba abẹ́ apá méjèèjì lọ sẹ́yìn. Èmi náà mọ àpá yẹn. Ó rí bí ojú ọ̀já. Bí a bá bi wọ́n, wọ́n á ní gàárì ẹṣin ló bó àwọn. Wọn kì í jẹ́ kí ọmọ kankan gun àwọn lẹ́yìn. Bí a bá ṣèèṣì dì mọ́ wọn látẹ̀yìn, wọ́n á máa gbọ̀n."

Ọwọ́ Ìyá Oko Ọba dúró sórí awọ. "Ẹ̀jẹ̀ láìsí ọgbẹ́?"

"Láìsí ọgbẹ́."

"Ní ẹ̀yìn."

"Ní ẹ̀yìn, ẹ̀gbọ́n mi."

Ìyá Oko Ọba nu ọwọ́ sí ìró wọn. Alápatà kan wá béèrè nǹkan, wọ́n fi ọwọ́ lé e. Nígbà tí wọ́n lanu, ohùn wọn ti yí padà, ó ti di ti ọmọdé. "Ìyá mi sọ ohun kan tí mi ò jẹ́ kó dé etí ẹnikẹ́ni rí. Ó ní nígbà tí òun fọwọ́ kàn án lórí ẹní yẹn, ara rẹ̀ ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́."

Mo wo Ìyá Àgbà. Mo wo Ìyá Oko Ọba. Ọmọdé ni mí, ṣùgbọ́n mo rí i. Mo rí ẹṣin tó ń bọ̀ láti Òkè Ọya, tó gba odò kọjá, tó gba igbó kọjá, tí ènìyàn méjì wà lórí rẹ̀, tí wọ́n fi láwàní so ọ̀kan mọ́ ẹ̀yìn èkejì. Èyí tó wà níwájú kò gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó kúrò lójú ogun, bí wọ́n bá sì mú un, ìbọn ni. Èyí tó wà lẹ́yìn ṣì ń mí. Ó ń mí sí i lọ́rùn, ó ń mí títí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ilé.

"Bàbá mi ò sọ rí pé àwọn ló ni mẹ́dà yìí," Ìyá Àgbà wí. Omijé ń dà lójú wọn, wọn ò nù ún. "Wọ́n kàn máa ń gbé e dání, wọ́n á máa wò ó. Èmi ni mo wò wọ́n, tí mo sì sọ fún ara mi pé tiwọn ni." Wọ́n tú kókó etí ìró, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì na mẹ́dà náà síwájú lórí ìkúnlẹ̀. "Ẹ gbà. Bàbá yín ló ni ín. Mo ti fọ orúkọ wọn nù, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ foríjì mí."

Ìyá Oko Ọba gbà á. Wọn ò wo ojú rẹ̀, wọn ò wo etí rẹ̀. Wọ́n gbé e sórí pákó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀bẹ àti awọ, bí ẹni gbé iyọ̀ kalẹ̀.

"Àbẹ̀kẹ́," ni wọ́n wí. "Báwo ló ṣe so ó?"

Ìyá Àgbà dìde nínú omi ẹran. Wọ́n fa ìborùn wọn yọ lọ́rùn, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí Ìyá Oko Ọba, wọ́n tẹ̀ síwájú díẹ̀ bí ìyá ọlọ́mọ. "Ẹ súnmọ́ mi." Ìyá Oko Ọba súnmọ́ wọn, wọ́n fi àyà lé wọn lẹ́yìn. Èmi ni mo bá wọn na ìborùn náà yí ká, lábẹ́ apá, lókè ọmú, tí Ìyá Àgbà fi so ó ní kókó méjì. Àwọn alápatà ti dákẹ́. Ọmọkùnrin kan tó ń gbé iwo màlúù lọ dúró gbagidi. Ìyá Oko Ọba gbé orí lé èjìká Ìyá Àgbà, wọ́n pajú dé.

"Ó pọ̀n ọ́n," ni wọ́n wí. "Àbúrò pọ̀n ẹ̀gbọ́n rẹ̀."

"Ẹ dì mí mú dáadáa," Ìyá Àgbà wí, wọ́n sì gbé ẹsẹ̀.